Ìgbín Ọ̀run Tó Di Méjì

Odó ni wọ́n mú gun òkè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni mú ọ̀daràn. Ọkùnrin méjì gbé e sáàárín, ẹnì kan gbé ọmọ odó tẹ̀lé wọn, gbogbo Òkè-Àparò sì ń tò bọ̀ lẹ́yìn, aṣọ onítútù tí wọ́n wọ̀ nítorí ooru ń kùn yùn-ùn yùn-ùn lára wọn. Àlejò tó bá rí wọn á rò pé wọ́n ń gbé ìyàwó lọ ni. Ìyá Jọláadé tó ni odó ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Ó fa ìborùn bojú dé ìpéǹpéjú, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Ìbídùnní dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Ilé Awò, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Òun ni Ojú Ìlú. Òun nìkan ni ìlú fún láṣẹ láti fi Awò Ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ ya àwòrán ojú ọ̀run, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ búra pé bí òun ṣe rí i náà ló rí. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń kí i káàkiri òkè.

"Ojú Ìlú, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ojú Ìlú. Ẹni tó ba iṣẹ́ yín jẹ́ kò ní mú un jẹ."

Gbogbo ẹ pẹ̀lẹ́ yẹn ń yún un lára bí wèrèpè, nítorí ó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀. Ìyá Jọláadé kọ́ ló mi òkè. Òun Ìbídùnní ni, ó sì ti dákẹ́.

Ẹ gbọ́ ná, ta ló ní kí ará Èkìtì má gúnyán? Òfin ni. Láti ìgbà tí ooru ti lé àwọn ènìyàn kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Òkè-Àparò ti ń gbé orí àpáta, àpáta kan náà ló sì gbé Awò Ńlá dúró. Bí Ọ̀sẹ̀ Òkùnkùn bá dé lọ́dọọdún, tí kò sí òṣùpá, gbogbo ilé á paná, ọkọ̀ okùn tó ń gbé wọn lọ sísàlẹ̀ á dúró, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gún nǹkan nínú odó, nítorí ìró odó ń ti inú àpáta lọ bá awò, á sì mì ín. Ẹ̀kọ ni gbogbo ìlú ń jẹ. Wọ́n á máa kùn, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á sì jẹ ẹ́, torí àwòrán òtítọ́ ni ìlú náà fi ń yangàn láàárín àwọn ìlú. Lọ́dún yìí, Ìgbín Ọ̀run ni wọ́n fẹ́ yà, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí kò sí ìlú kan tó tíì rí i yà kó mọ́.

Wọ́n gbé odó kalẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn. Baálẹ̀ Ajíbóyè ti jókòó nínú ilé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí. Nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe gbé odó tọ ìgbìmọ̀ wá, dípò kí ìgbìmọ̀ sọ̀kalẹ̀ tọ odó lọ. Òrùlé là díẹ̀, òṣùpá tó ti yọ kí oòrùn tó wọ̀ gba ibẹ̀ wọlé sínú Awò Ńlá, awò sì jù ú sára ògiri funfun, ó tóbi tó àtẹ tí wọ́n fi ń sá èlùbọ́. Ní kọ̀rọ̀ kan, nínú àgò irin tí wọ́n fi èdídí dì, ni ẹ̀rọ aláfikún wà, èyí tó ń fi ohun tí ojú kò rí kún àwòrán, tí eruku bò. Ẹ̀rọ yẹn ì bá tún àwòrán tó bàjẹ́ ṣe kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àmọ́ láyé àwọn ìyá ìyá wọn, irú rẹ̀ ya àwòrán ogun tí ẹnikẹ́ni kò jà. Àwọn ènìyàn rí i, wọ́n bínú, wọ́n sì jà á. Látìgbà náà ni Òfin Ojú-Rí ti dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan àgò náà mọ́.

"Ṣé gbogbo wa la rí òṣùpá yìí?" Baálẹ̀ bi wọ́n.

"A rí i o!"

"Ṣé ó dúró?"

"Ó dúró gbọn-in."

"Ó dáa. Ìyá Jọláadé, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe."

Ìyá Jọláadé ká ìborùn kúrò lójú. "Bàbá Jọláadé ni, Baálẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ nǹkan gidi kẹ́yìn. Lálẹ́ tó kẹ́yìn Ọ̀sẹ̀ Òkùnkùn, ó lajú, ó ní, 'Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ẹ̀yin ń fi ẹ̀kọ pa mí nílé yìí.' Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín nílé yẹn látìgbà tó ti dùbúlẹ̀. Mo wá fi tìmùtìmù mi sábẹ́ odó, mo rọra gún un. Iyán ẹnu kan ni. Mi ò mọ̀ pé á dé òkè."

"Ẹ ò mọ̀!" Ṣẹ́gilọlá ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin ìgbìmọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni sí. "Ìyàwó Adéògún bímọ nínú òkùnkùn, ọwọ́ la fi ń wá ìwọ́ ọmọ. Gbogbo wa jẹ̀kọ títí ẹnu wa fi kan. Ẹ̀yin ń gúnyán, ẹ ní ẹ ò mọ̀."

"Mo jẹ̀bi," Ìyá Jọláadé ní. "Òun náà ni mo wá sọ fún Baálẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò mú mi, èmi ni mo wá."

Ohun tó ń pa Ìbídùnní gan-an nìyẹn. Ìyá náà gbà gbọ́ pé òun ni. Òfin sì ní ẹni tó bá mi òkè á sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òkè lọ máa gbé ìsàlẹ̀. Kò sí ọmọdé tí kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ooru ń gbẹ itọ́ lẹ́nu ènìyàn níbẹ̀, inú kòtò ni wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n á jáde bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ìyá bá lọ, ta ni yóò tọ́jú bàbá? Bí bàbá bá bá a lọ, kò ní lo ọjọ́ mélòó kan.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí? Alẹ́ tó kẹ́yìn náà ni. Òfin ní, bí dígí tí àwòrán ń lẹ̀ mọ́ bá ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, Ojú Ìlú gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tó ń yà, láti inú awò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, kó lè rí ohun búra lé. Ìbídùnní fi ojú lé e. Kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Nígbà tó yá ló rí i, funfun fẹ́ẹ́rẹ́ bí èémí ẹni lára dígí, ó lọ́, apá kan tẹ̀ lé èkejì, bí ìkarahun ìgbín. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú rẹ̀ lálẹ́ yẹn ti gbéra kí ènìyàn kankan tó délé ayé. Kò sí àgbà tó dàgbà tó o. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló sì rìn, kò yà síbì kan, ojú Ìbídùnní ọmọ Òkè-Àparò ló wá balẹ̀ sí.

Ẹni tí wọ́n bá kọ́ dáadáa nílé kì í ronú kó tó kí àgbà. Orúnkún rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ kó tó mọ̀. "Ẹ kú ìrìn o," ó ní. "Ẹ kú ọ̀nà jíjìn." Orúnkún ọ̀tún sì gbá ẹsẹ̀ irin Awò Ńlá, kọ́ọ́.

Ó dùn ún, ó fọwọ́ ra á. Ó wo awò, awò kò ṣubú, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí nǹkan. Ìgbà tó fọ dígí lọ́jọ́ kejì kí àwòrán lè hàn ló rí i pé Ìgbín Ọ̀run ti di méjì. Ọ̀kan mọ́ kedere, ìkejì ṣú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ìràwọ̀ tó yí wọn ká náà sì ní ìkejì tirẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ pagbo yí i ká, ẹnu wọn là, wọ́n ń retí ohun tó máa sọ. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Kò sí Ojú Ìlú tó tíì ba dígí jẹ́ rí.

"Òkè mì," ó ní.

Ẹyin lohùn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn. Ó ní òun á sọ òótọ́ tílẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kí i ní ẹ pẹ̀lẹ́, ó sì dá wọn lóhùn. Ó ní ó di ọ̀sán. Lọ́sàn-án ni Ìyá Jọláadé wọlé tọ Baálẹ̀, ó ní òun ni.

"Ẹ gún odó yín, ká wo bóyá òṣùpá á mì," Baálẹ̀ wí nírọ̀lẹ́ náà.

Ìyá Jọláadé wo inú odó. "Ṣé odó òfìfo ni kí n gún, Baálẹ̀?"

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Ṣẹ́gilọlá pòṣé, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó sì mú iṣu sísè kan jáde tó we sínú ewé. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí tó fi ń gbé iṣu sísè kiri, àmọ́ gbogbo wọn ló gbé itọ́ mì.

Ìyá gbé ọmọ odó sókè. Kì. Kì. Kì. Kò fi agbára pamọ́ rárá. Bí ẹni fẹ́ kí ìdájọ́ tètè dé ló ń gún un. Òṣùpá ara ògiri sì gbọ̀n.

"Áà! Ó mì! Ó mì!"

Ó mì lóòótọ́. Àmọ́ Ìbídùnní rí i pé bí ọmọ odó bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, òṣùpá náà ń padà sáyè rẹ̀. Ìràwọ̀ inú dígí kò gbọ̀n. Wọ́n ṣí kúrò, wọn kò sì padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu ilẹ̀kùn awò ni odó wà yìí, kò sí tìmùtìmù lábẹ́ rẹ̀.

"Baálẹ̀," ó ní, ó sì wọlé wá dúró nínú ilé. "Ilé Ìyá Jọláadé wà lọ́hùn-ún ní ìsàlẹ̀ ìlú, nídìí ọkọ̀ okùn. Níbí yìí, odó ti sún mọ́ awò jù. Bóyá... bóyá kì í ṣe iyán náà."

Ó rò pé ìyẹn á tó. Ó rò pé wọ́n á tú ká, kí ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ohun kejì.

Ṣẹ́gilọlá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí ọmọ! Ẹni tó ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ilé ire ló ti wá."

"Ọmọlúàbí ni!" àwọn èrò lọgun. Ẹnì kan tilẹ̀ gbá a lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìbídùnní fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, àmọ́ ilẹ̀ àpáta ni, kò lanu.

Baálẹ̀ mi orí. "Àánú dáa, Ojú Ìlú, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa ló rí i. Ìyá Jọláadé, ẹ di ẹrù yín. Ọkọ̀ okùn ń lọ lówùúrọ̀."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ò ṣẹ̀. Wọ́n lè dúró."

"Ta ni yóò máa fún wọn lóúnjẹ?"

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ìyá Jọláadé rọra fi ọmọ odó ti ara ògiri. Ó rìn wọlé, ó rìn kọjá Baálẹ̀, ó wá dúró síwájú Ìbídùnní. Obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹ̀yìn yẹn ló sùn sí, ibẹ̀ ló tọ̀ sí. Ìyá fọwọ́ di ìdí àga mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Èèwọ̀!" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. "Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Ojú Ìlú," Ìyá Jọláadé ní, "ẹ foríjì mí kí n tó lọ. Iṣẹ́ yín ni mo bàjẹ́. Ojú ń tì mí."

"Ẹ dìde, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"N ò ní dìde àfi tẹ́ ẹ bá ní ẹ ti foríjì mí."

Ìbídùnní wo orí funfun náà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ òun. Ìtìjú tó wà lójú ìyá yìí, tòun ni. Ìyá ń bá òun rù ú, kò sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń bi í báyìí. Bó bá ní òun foríjì í, ọkọ̀ okùn á gbé ìyá lọ lówùúrọ̀, gbogbo ènìyàn á sì máa pe òun ní ọmọlúàbí títí tí òun á fi darúgbó.

Ibi tó dúró sí gan-an ì bá ti kúnlẹ̀, ìyẹn ì bá sì jẹ́ ìkúnlẹ̀ lásán. Ó fà sẹ́yìn. Ó fà sẹ́yìn títí ó fi dé ìdí Awò Ńlá, níbi tó dúró sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Ẹ wo òṣùpá," ó sọ fún wọn.

Ó kúnlẹ̀. Kọ́ọ́.

Òṣùpá fò kúrò láyè rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n dúró kó padà. Kò padà.

"Èmi ni," Ìbídùnní ní. "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é. Kì í ṣe iyán. Mo mọ̀ látọjọ́ tí mo ti fọ dígí, mo sì ní òkè mì."

Aṣọ onítútù nìkan ló ń kùn. Nígbà tí Baálẹ̀ máa sọ̀rọ̀, kò pè é ní Ojú Ìlú, kò sì fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ta lo kúnlẹ̀ kí?"

"Ìgbín Ọ̀run, Baálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn jìnnà. N ò mọ bí mo ṣe lè dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀."

Àwọn àgbà kan mi orí, wọn kò mọ̀ pé àwọn mi orí. Baálẹ̀ náà pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ni nínú wa tí kò ní kúnlẹ̀?" ó ní. "Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni, à bá rẹ́rìn-ín. À bá jẹ̀kọ lọ́dún tó ń bọ̀, à bá tún un yà. Ìkúnlẹ̀ ò lẹ́bi. O jẹ́ kí ìyá tó pọ̀n ọ́ gbé odó gun òkè!"

Ìbídùnní kò lè gbé ojú sókè. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀, Baálẹ̀. Lówùúrọ̀ yìí náà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Ohun tó fẹ́ nìyẹn, ó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Nísàlẹ̀, nínú ooru, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

"Rárá o," Ṣẹ́gilọlá ní. Ó dìde. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un láìpẹ́ yìí náà ni, ojú rẹ̀ ti yí padà pátápátá. "Dígí yẹn ò parọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló wà lára ẹ̀. Ìwọ lo parọ́. Òfin sì ní àwòrán òtítọ́ ò ṣeé gbé kọ́ láìsí ẹnu ẹni tó yà á. Nítorí náà, a ó gbé e kọ́. Gbogbo ìlú tó bá wá wo Ìgbín Ọ̀run, ìwọ lo máa dúró tì í, tí wàá máa sọ bó ṣe di méjì fún wọn."

"Títí dìgbà wo, Mà?"

"Títí wàá fi lè sọ ọ́ láìwolẹ̀."

Ìgbìmọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti iyán Ìyá Jọláadé, Baálẹ̀ ní iyán tí kò dé òkè, iyán ilé ni, òun kì í sì í dá ẹjọ́ oúnjẹ ilé onílé. Àwọn tó gbé odó gun òkè tún gbé e lérí, wọ́n ń ráhùn pé ó wúwo. Ṣẹ́gilọlá yọ iyán rẹ̀ kúrò nínú odó kí wọ́n tó lọ.

Wọ́n gbé dígí náà kọ́ sára ògiri kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n tan fìtílà sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbín Ọ̀run yọ, funfun, apá rẹ̀ lọ́ yí ara wọn ká, òjìji rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbídùnní dúró tì í bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Àwọn èrò ń kọjá lọ, ojú ń ti àwọn náà láti wò ó. Ìyá Jọláadé nìkan ni kò lọ. Ó sún mọ́ dígí, ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì.

"Kí nìyí?" ó bi í.

"Ìgbín Ọ̀run ni, Mà."

"Ó rẹwà o. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Ojú Ìbídùnní ti wà nílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ kó lè kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá na ọwọ́, ó dì í mú léjìká, kò jẹ́ kó dé ilẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Orúnkún ti ṣe tirẹ̀. Ẹnu rẹ ló kù. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Orúnkún mi ni, Mà," Ìbídùnní wí.

"N ò gbọ́. Tún un sọ."